Olúṣèyí Onímọ̀ Ìràwọ̀: Ọmọ Ta Ni?

Ilé ni àwọn baba wa ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ń jẹ́ Ògúndélé, a mọ ohun tí wọ́n ń bọ ní ilé baba rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ́ Adégòkè, a mọ̀ pé adé kò jìnnà sí ìdílé náà. Ẹni tí ó sì ń jẹ́ Babátúndé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé bàbá àgbà ti kú kí a tó bí i. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Olúṣèyí, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń hàn nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó ń ṣàlàyé bí àgbáálá ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ni ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ béèrè bí kò ṣe pé: Ará ibo ni? Ọmọ ta ni?

Ìbéèrè yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ní sáà tí ó kọjá. Àwọn kan ní ará Èkìtì ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òṣogbo tí ó wà láàárín wa ní ọmọ àdúgbò àwọn ni, pé òun mọ ilé wọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò sọ pé Iléṣà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ń yún mi lẹ́nu. Èdè ni mò ń kọ́, n kò kọ́ ìmọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ èdè ni. Mo lọ wá ìtàn ọkùnrin náà kà, mo sì rí i pé ó ju ohun tí a ń jà sí lọ.

Wọn kò bí i sí Èkìtì, wọn kò sì bí i sí Òṣogbo. Ìlú New Orleans ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹta ọdún 1967, orúkọ baba rẹ̀ gan-an, James Edward Plummer, ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí baba àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, láti Los Angeles dé Houston, ní àwọn àdúgbò tí òṣì àti ìwà ipá ti gbilẹ̀, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ ní ìgbèríko Mississippi. Ibẹ̀ ni ó ti rí àkójọ ìwé ńláńlá tí a ń pè ní ensaikilopídíà, tí ó ń kà á bí ẹni ń gbọ́ àlọ́, inú rẹ̀ ni ó sì ti pàdé Einstein. Nígbà tí ó dé ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ohun tí Einstein sọ nípa àkókò àti eré sísá, ó gbé iṣẹ́ náà lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀ náà, ó sì gba ipò kìíní nínú físíìsì. Mississippi ni mo wí o! Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní ọdún 1962, ọmọ ogun ni ìjọba fi sin adúláwọ̀ kan ṣoṣo, James Meredith, wọ yunifásítì wọn kí àwọn aláwọ̀ funfun má baà pa á.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, àìsàn awọ ara sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní 1986. Ó lọ sí Tougaloo, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1869 fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, ó sì gboyè nínú físíìsì àti ìṣirò ní 1991. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Stanford, ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí ó lókìkí jùlọ ní Amẹ́ríkà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, A Quantum Life, tí ó jáde ní 2021, ó sọ pé oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní crack ti wọ òun lára, àti pé òun gbé e dé Stanford. Ẹni kan náà tí ó ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó nínú yàrá ìwádìí ni ó ń wá oògùn kiri ìgboro. Àwa ní ilẹ̀ wa, bí a bá ń kọ ìtàn ẹni ńlá, irú nǹkan báyìí ni a kọ́kọ́ ń fẹ́ dànù bí èèpo ẹ̀wà. Ìdí nìyí tí ìtàn àwọn ẹni ńlá wa fi máa ń jọra wọn bí ẹyin adìyẹ. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ èèpo dànù. Nítorí pé ó sọ ọ́ ni a ṣe mọ ìwọ̀n kòtò tí ó ti jáde.

Ẹni tí ó na ọwọ́ sí i ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń tọ́ ọ sọ́nà, Arthur Walker. Adúláwọ̀ ni Walker pẹ̀lú, àgbà ni láàárín àwọn tí ń ṣe ìwádìí oòrùn. Òun ni ó tọ́ Sally Ride, obìnrin Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ gòkè lọ sí òfurufú ní 1983. Nígbà tí ọkọ̀ Challenger bú gbàmù ní 1986, ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀. Ní 1987, ó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé awò ìríran rẹ̀ rékọjá afẹ́fẹ́ tí ó bo ayé wa, ó sì fi í ya àwòrán oòrùn lọ́nà tí ẹnì kan kò tíì gbà yà á rí. Irú iṣẹ́ yìí ni ọmọ Mississippi náà bá a ṣe. Oyè ọ̀mọ̀wé tí ó gbà ní ọdún 2000 dá lórí afẹ́fẹ́ tí ó yí oòrùn ká, ohun tí ó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú tipẹ́: ojú oòrùn gbóná tó ìwọ̀n bíi 6,000, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ gbóná ju mílíọ̀nù kan lọ, bí ẹni pé èéfín gbóná ju ààrò tí ó ti jáde wá. Walker kú ní 2001. Ó ṣẹ́ ku díẹ̀ kí ó má rí oyè ọmọ rẹ̀ yìí.

Ní àkókò Stanford yìí ni ó bọ́ orúkọ Plummer sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Ó di Hakeem Muata Oluseyi. Hakeem, èdè Lárúbáwá ni, ọlọ́gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Muata kì í ṣe tiwa. Oluseyi, tiwa ni. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sí ohunkóhun lábẹ́ s rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é bí ó ti bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò sọnù lọ́dọ̀ ẹni tí ó yàn án: Olú ni ó ṣe èyí. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, n kò mọ orúkọ mìíràn tí ìbá bá a mu bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo mú ìtàn yìí wá fún àwọn ẹgbẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn ní, “Ó tán nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ wa. Ó yá orúkọ ni.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyí, nítorí Iléṣà ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà láti nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn.

Ìdílé ọba ni ìdílé Haastrup ní Iléṣà. Haastrup kì í ṣe orúkọ tí Ọbòkun mú ti òkun bọ̀. Ọmọ ọba kan wà, Adédèjì lórúkọ rẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ìgbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá. Ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó bá ara rẹ̀ ní Sàró láàárín àwọn tí a dá sílẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti di Frederick Haastrup, orúkọ òyìnbó ajíyìnrere kan. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, Èkó ni ó dúró sí tí ó ń ṣòwò, ó sì wà lára àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ń ti Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ nígbà ogun Kírìjì. Ní 1896 wọ́n fi í jẹ Ọwá, Ajímókò Kìíní, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 1901. Ẹni tí wọ́n fi okùn mú jáde nílé ni ó padà wá dé adé baba rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òyìnbó lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì bọ́ orúkọ náà sọ nù títí di òní. Ó ti di orúkọ Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀. Ọ̀kan, wọ́n gba orúkọ ilé lẹ́nu rẹ̀ wọ́n fún un ní ti òyìnbó, ilé sì tún gbà á. Èkejì, wọ́n ti gba orúkọ ilé lọ́wọ́ àwọn babańlá rẹ̀ kí ó tó dé ayé, ó sì ti òkè òkun na ọwọ́ mú ọ̀kan padà. Ìwé àwọn olówò ẹrú kò bìkítà fún ìlú ẹni. Iye owó, ọjọ́ orí àti bí eegun ti le tó ni wọ́n ń kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí Olúṣèyí mú ìlú babańlá rẹ̀ wá kí a tó gbà á, ìwé tí àwọn olówò ẹrú kò kọ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lọ sí Òṣogbo ní oṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun yóò ti bá wọn pàdé lójú ọ̀nà igbó, tọkùnrin tobìnrin nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń kí ènìyàn ní Yorùbá tí ó ń tàsé díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ Ọ̀ṣuntókí àti Fákúnlé. Láti ìgbà tí àjọ UNESCO ti kọ orúkọ igbó náà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé ní 2005 ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọdé a máa tẹ̀ lé wọn pé “òyìnbó dúdú.” Baba irú èyí ní Amẹ́ríkà ni Adéfúnmi, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Walter King nígbà tí wọ́n bí i ní Detroit ní 1928, òun ni ó dá ìlú Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, tí Ọọ̀ni Ṣíjúwadé sì fi jẹ oyè ní Ifẹ̀ ní 1981. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀ ni ti Olúṣèyí.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Lẹ́yìn Stanford, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ní 2001 ó bọ́ sí ilé ìwádìí ńlá ti Berkeley ní California, láàárín àwọn tí ń fi ìràwọ̀ tí ń kú wọn bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ èdè àti ìtàn máa ń sá bí a bá dé irú ibí yìí. Ẹ má sá. Kò le tó bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bà wá.

Ẹ rántí ọjà alẹ́ bí ó ti rí kí iná mànàmáná tó dé. Ká ní gbogbo àwọn ìyá tí ó jókòó sí ọjà náà tan fìtílà kan náà, tí epo rẹ̀ dọ́gba tí òwú rẹ̀ sì dọ́gba. Ẹni tí ó dúró ní ìpẹ̀kun ọjà kò nílò okùn láti fi wọn ọ̀nà. Fìtílà tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ó sún mọ́ ọn jù. Èyí tí ó ń ṣe bàìbàì, ìyẹn ni ó jìnnà. Irú ìràwọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ń kú, ńṣe ni ó ń bú gbàmù, ìmọ́lẹ̀ ikú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbikíbi tí ó bá ti kú sí. Fìtílà ọjà nìyẹn. Bí ó ti ń ṣe bàìbàì tó ni a fi ń mọ bí ó ti jìnnà tó.

Ó ku eré tí ó ń sá. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń fọn fèrè bọ̀, ohùn fèrè náà lọ sókè. Bí ó bá ti kọjá tán, ohùn náà wálẹ̀. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn, ó yẹ kí èyí tètè yé wa ju àwọn òyìnbó lọ. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ní irú ohùn bẹ́ẹ̀: ti ohun tí ń jìnnà sí wa a máa fà sí pupa, bí pípọ́n rẹ̀ bá sì ti pọ̀ tó ni eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní 1998, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì fi fìtílà àti fèrè yìí wádìí, wọ́n sì rí ohun tí ẹnì kan kò retí. Gbogbo onímọ̀ ti mọ̀ pé àgbáálá ayé ń fẹ̀. Wọ́n rò pé eré ìfẹ̀ náà ń dín kù ni, bí òkò tí a jù sókè. Kò dín kù. Ńṣe ni ó ń yára sí i. Berkeley ni Saul Perlmutter, olórí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ti ṣe iṣẹ́ náà. Òun, Brian Schmidt àti Adam Riess ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2011. Inú agbo yìí ni Olúṣèyí wọ̀ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn àwárí náà. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí àwọn ojú ẹ̀rọ tí yóò máa gba ìmọ́lẹ̀ irú ìràwọ̀ wọ̀nyí láti òfurufú. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Alabama, ó sì kọjá sí Florida Institute of Technology ní 2007.

Ní Florida ni òkìkí amóhùnmáwòrán rẹ̀ ti kàn. Nínú How the Universe Works, òun náà wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń yọjú láti ṣàlàyé bí ìràwọ̀ ṣe ń bí ìràwọ̀ àti ohun tí ó wà ní ẹnu ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀. Nínú Outrageous Acts of Science, àwọn aṣiwèrè eré tí ènìyàn ń fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó jọ, tí ẹni báyìí fò láti orí òrùlé, tí ẹni báyìí sì ń fi iná ṣeré. Òun a sì sọ òfin físíìsì tí ó gbà wọ́n tàbí tí ó dá wọn lẹ́sẹ̀. Láàárín 2016 sí 2019, àjọ NASA gbà á láti bójú tó ètò ẹ̀kọ́ òfurufú. Ní 2021 ó tilẹ̀ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú ìdíje àwọn tí ń yan àkàrà òyìnbó tí ó gbọ́dọ̀ rìn tàbí kí ó léfòó, Baking Impossible.

Níbi tí a dé yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan máa ń fa imú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà nínú ọgbà yunifásítì wa: pé ẹni tí ó bá gbójú lé ìwádìí kì í ráyè jókòó níwájú kámẹ́rà, pé àkàrà òyìnbó àti ìhò dúdú kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu kan náà. N kò gbà. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé tí ìwé kún ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Olúṣèyí mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ensaikilopídíà kan ní ìgbèríko, òun ìbá má mọ Einstein láéláé. Ọmọ tí kò ní ìwé nílé lónìí, tí ó jẹ́ pé amóhùnmáwòrán nìkan ni ó wà ní gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni yóò ti pàdé tirẹ̀. Ohun tí mo lè bá wọn dá lẹ́bi ni pé àwọn ètò náà a máa pariwo jù: kò sí ìràwọ̀ kan tí yóò kú nínú wọn láìjẹ́ pé ìlù ogun dún.

Ó ní èkejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n sì bí orúkọ Yorùbá mọ́ ní tirẹ̀. Maggie Aderin-Pocock ni. Láti inú òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1968, Adérìn sì ni orúkọ baba rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ 13 ni ó kà jáde nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó dàgbà, ìwé kíkà sì nira fún un púpọ̀; síbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tí ó fi ń wo ìràwọ̀. Ó gboyè físíìsì ní Imperial College ní 1990, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ palẹ̀ fún awò ńlá Gemini tí ó wà ní Chile, ó sì ṣiṣẹ́ lára awò James Webb tí wọ́n jù sí òfurufú ní òpin 2021. Ní 2014 ni ó di ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn The Sky at Night ti BBC. Ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1957, Patrick Moore ni ó sì ń ṣe é títí ó fi kú ní 2012. Ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀: ètò náà fi ọdún méjì ju ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìbàdàn lọ, èyí tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1959 tí a fi ń yangàn pé àwa ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ọba Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Dame.

Nítorí náà a ní orúkọ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ojú wọn bá hàn, a ń pàtẹ́wọ́: tiwa ni, tiwa ni. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, nítorí àwọn baba wa tí wọ́n ń tà aṣọ láwìn a máa lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í sì í dìde títí wọn yóò fi gbowó. Bí mo bá fi ojú Òṣómàáló wo ọ̀rọ̀ yìí, àwa gan-an ni onígbèsè. Olúṣèyí ti mú orúkọ wa lọ sí ibi tí a kò lè dé. Èdè tí orúkọ náà ti wá ńkọ́? Ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ó jókòó ti amóhùnmáwòrán, yóò rí Olúṣèyí, yóò ka orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Kì í ṣe pé èdè wa kò gbà á. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ibi tí a kò lè rìn dé láti Iléṣà ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń gbé ènìyàn dé kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo ní Yorùbá, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, ní sáyẹ́ǹsì, ní ìṣirò, àti ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà di òní. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ní kí a pa á tì, kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta péré. Ìràwọ̀ mìíràn kì í kú kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Èmi kò lè yí ìjọba padà láti orí tábìlì mi, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bíi tiwa lè túmọ̀ ètò ìdajì wákàtí kan kí á wo bí yóò ti rí. Ohun tí ó rọrùn níbẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. A ti ní òṣùpá, a ní ìràwọ̀, a ní Àgùàlà, tí àwọn àgbà sọ pé ó ń bá òṣùpá rìn tí àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n ti rí i pé ojú ń tan ènìyàn jẹ: Àgùàlà tóbi ju òṣùpá lọ nílọ̀po-nílọ̀po, ó jìnnà ni. Láti ibi òwe yìí dé ibi fìtílà ọjà, ìṣísẹ̀ kan ni. Àwọn olùtumọ̀ ti ń lo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ fún ohun tí òyìnbó ń pè ní galaxy, ó sì dára.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni orúkọ ohun tí ń ti àgbáálá ayé láti máa yára fẹ̀, èyí tí iṣẹ́ Berkeley tú síta, tí àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé ó tó ìdá 68 nínú 100 gbogbo ohun tí ó wà. Dark energy ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, yóò di “agbára òkùnkùn,” gbogbo ìyá tí ó bá gbọ́ ọ láti Òṣogbo dé Iléṣà yóò sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdè. “Agbára àìrí” kò sàn jù ú lọ. Ti iwin ni etí wa yóò gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ṣókùnkùn nítorí pé wọn kò tíì mọ ohun tí ó jẹ́, kì í ṣe nítorí pé ó burú. Nítorí náà mo dábàá pé kí á wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí á pè é ní “atì-ọ̀run-fẹ̀.” Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá gbọ́ ọ ní Modákẹ́kẹ́ yóò ti mọ ohun tí ó ń ṣe kí olùkọ́ tó la ẹnu, èyí tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ̀ láti inú tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó kúrú jù ú lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé.